Ìgò Àgbo Tí Ẹ Fi Pamọ́ fún Wa

Ọ̀rọ̀ tí àwa nọ́ọ̀sì ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún, ní Kano

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ìlera, ohun tí wọ́n ń retí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí a máa ń sọ lọ́dọọdún. A sì ti kọ ìdajì rẹ̀. Ìgbà tí a pàdé láti parí rẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa sọ pé, "Ṣé a kò ní sọ ọ̀rọ̀ ìgò yẹn láéláé ni?" Gbogbo wa dákẹ́. Ìgò àgbo tí ẹ máa ń fi pamọ́ fún wa ni ó ń sọ, àti ìgò mìíràn tí àwọn kan nínú àwa nọ́ọ̀sì fúnra wa ń tọ́jú sínú báàgì iṣẹ́. A fa ìwé àkọ́kọ́ ya, a bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a wá bú àgbo. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí wọn kò fi àgbo wẹ̀ ní kékeré. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ní ìhà Àríwá yìí, ẹni tó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ni, ṣùgbọ́n ilé ìyá gbogbo wa ni ìkòkò àgbo ti wà lórí ààrò. Nígbà tí àwọn òbí wa kó wá sí Sabon Gari, ìkòkò náà bá wọn wá. Ẹni tó bá tètè jí lè rí alágbo tó ń ta àgbo ibà, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí àti ọpa ẹ̀yìn kí mọ́tò tó pọ̀ lójú títì. A tilẹ̀ ti gba ti àwọn onílé mọ́ tiwa. Dongoyaro tí a ń sè fún ibà, èdè Hausa ni orúkọ rẹ̀, dogon yaro, ọmọkùnrin gíga. Igi náà sì ti ilẹ̀ Íńdíà wá. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkìrun, wọn yóò ní láti ìgbà Odùduwà ni.

Ẹ̀bi tiwa ni a ó kọ́kọ́ sọ.

Ní ilé ìwòsàn kan tí díẹ̀ nínú wa ti ṣiṣẹ́ rí, a kò ní dárúkọ rẹ̀, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta wá lóru ọjọ́ kan nígbà òjò. Ọmọ Yorùbá ni. Ìyá rẹ̀ àti ìyá bàbá rẹ̀ ni wọ́n gbé e wá. Gìrì ti mú un láti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa, gìrì ti dá, ṣùgbọ́n ọmọ kò jí. A béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé, "Kí lẹ ti fún un lò?" Ó ní, "Kò sí." A béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, a ò fún un ní nǹkan kan o." Ara ọmọ gbóná bí iná. A rò pé ibà tó gun orí ni, ibà náà ni a sì dojú kọ. Ó yẹ kí a ti wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa fún ọmọ tí kò bá jí. Ṣùgbọ́n ohun èlò tí a fi ń wọ̀n ọ́n ti tán ní wọ́ọ̀dù wa, ẹni tí a rán sí wọ́ọ̀dù kejì sì pẹ́. Ìyá tó ń gbálẹ̀ ni ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó dúró, tó ní, "Ẹnu ọmọ yìí ń rùn tábà." Nígbà náà ni ó yé wa. Nígbà tí ohun èlò fi máa dé, ṣúgà ara ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. A fa omi ṣúgà sí i ní iṣan. Ó ti pẹ́ jù. Ọmọ náà kú kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀.

Lẹ́yìn náà, ìyá àgbà pe ọ̀kan nínú wa sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a fún un ní àgbo gìrì. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì yín níta, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń pariwo lé ìyá kan lórí nítorí àgbo. Ẹ ní kó gbé ọmọ rẹ̀ pa dà lọ sọ́dọ̀ alágbo. Ẹ̀rù yín ló bà wá."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó pariwo lọ́jọ́ náà wà lára àwa tí a kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó wà nínú irú àgbo gìrì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Ìtọ̀ màlúù ni, tí a rẹ ewé tábà, ewé efinrin, aáyù, àlùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ sí. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọdún 1970 sí 1979. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì máa ń mú kí èémí rọ̀. Ọpọlọ kò lè pẹ́ láìsí ṣúgà. Àgbo tí a fún ọmọ kí orí rẹ̀ lè balẹ̀ ni ó tún ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọpọlọ náà.

Báwo wá ni irú àgbo bẹ́ẹ̀ ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tó gbọ́n? Nítorí àwọn ìyá wa kò gọ̀. Ìdáhùn wà nínú gìrì fúnra rẹ̀. Gìrì tí ara gbígbóná ń fà fún ọmọdé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń dá fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kì í sábà kọjá márùn-ún. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ta gùn ju ọjọ́ mẹ́ta lọ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́wọ́. Yóò ké. Ará ilé yóò sáré dé. Ẹnì kan yóò da àgbo sí ọmọ lẹ́nu, ẹnì kan yóò fi ṣíbí la eyín rẹ̀, ẹnì kan yóò fún omi àlùbọ́sà sí i lójú. A tilẹ̀ ti rí èyí tí wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, tí àpá rẹ̀ kò lè lọ mọ́ láyé. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, gìrì á dá, nítorí pé ó fẹ́ dá tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ṣe nǹkan kẹ́yìn ni yóò gba ìyìn. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni ìyá náà kàn jókòó tó ń sunkún, ẹkún ni ìbá gba orúkọ oògùn gìrì ládùúgbò. Èyí tó bá sì kú, a ó ní bó ṣe máa rí nìyẹn, tàbí kí a ní àgbo kò tètè dé. Bẹ́ẹ̀ ni àgbo náà kì í jẹ̀bi láéláé: ọmọ tó yè ń jẹ́rìí fún un, ọmọ tó kú kò lè jẹ́rìí lòdì sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dì í mú, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gìrì nìkan. Otútù á lọ lọ́sẹ̀ kan, bí a lo oògùn, bí a kò lò ó. Ẹ̀yìn dídùn á wá, á lọ, á tún pa dà. Ìgbà tó bá dunni jù ni a máa ń wá oògùn lọ, lẹ́yìn ìgbà tó bá sì dunni jù, kò sí ibòmíràn tó lè gbà ju kó rọ̀ lọ. Àwọn dókítà òyìnbó fúnra wọn fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, wọ́n sì rí àwọn tó jẹ́rìí sí i pé ara àwọn yá. Kò sí ẹ̀yà tí àṣìṣe yìí kò mú.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì láti máa ka iye, láti máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó má fi ojú lásán ṣe ìdájọ́. Florence Nightingale, tí wọ́n máa ń ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fìtílà, kò fi fìtílà nìkan ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tó ti tọ́jú àwọn sójà nínú ogun Crimea láti 1854 sí 1856, ó jókòó ti iye àwọn tó kú, ó sì fi hàn pé àìsàn ni ó pa èyí tó pọ̀ jù, kì í ṣe ọgbẹ́ ogun. Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní St Thomas' ní London ni Kofoworola Abeni Pratt, ọmọ Yorùbá, ti kọ́ṣẹ́, kí ó tó wá di ẹni tó ń darí àwọn nọ́ọ̀sì ní UCH Ìbàdàn.

Síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí kò ní kí nọ́ọ̀sì má gba ohun asán gbọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1972 ni Dolores Krieger, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní New York University, àti Dora Kunz ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà ní ìwòsàn kan. Wọ́n ní agbára kan yí ara ènìyàn ká tí ojú kò rí, pé bí agbára náà bá dàrú ni àìsàn ń wọlé. Nọ́ọ̀sì á na ọwọ́ méjèèjì sókè ara aláìsàn, kò ní fara kàn án, á máa fi ọwọ́ gbá afẹ́fẹ́ náà títí yóò fi tò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ọ̀sì kọ́ ọ. Ní 1994, wọ́n fi ìdàrú agbára ara yìí kún àkójọ NANDA, àkójọ àìsàn tí àwa náà ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà láti kọ ètò ìtọ́jú aláìsàn. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn.

Ẹni tó dán an wò ni ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní Colorado, Emily Rosa. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, Linda. Iṣẹ́ ilé ìwé ni wọ́n ní kí ọmọ náà ṣe. Ó gbé pátákó pépà dúró sórí tábìlì, ó lu ihò méjì sí i nísàlẹ̀. Oníwòsàn á ti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gba inú ihò náà, kò ní rí ohun tó wà lẹ́yìn pátákó. Emily á ta owó ẹyọ láti mọ ọwọ́ tí yóò yàn, á wá gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè ọ̀kan nínú ọwọ́ oníwòsàn, kò ní fara kàn án. Á béèrè pé, "Ọwọ́ wo ni ọwọ́ mi wà lókè rẹ̀?" Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fọwọ́ mọ agbára ara ènìyàn kò yẹ kó ṣì í. Oníwòsàn 21 ni ó dán wò, ìgbà 280 ni ó béèrè. Bí ènìyàn bá kàn ń méfò, ìdajì ni yóò gbà, ìyẹn 140. Ìgbà 123 péré ni wọ́n gbà á. Ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní JAMA tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1998, nígbà tí Emily di ọmọ ọdún mọ́kànlá.

A kò ní parọ́ mọ́ wọn o. Ohun tí ọmọ náà fi hàn ni pé wọn kò mọ agbára kankan lára. Kò sọ pé ọkàn aláìsàn kì í balẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá dúró tì í fún ogún ìṣẹ́jú láìyánjú. Ọkàn á balẹ̀. Àwa náà ti rí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìdúró tì ni oògùn náà, ẹ jẹ́ kí a dúró tì í, kí a má tún wá ta afẹ́fẹ́ fún un. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé, fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń fi èyí gba oyè, wọ́n ń kọ́ni, ìdánwò tó rọrùn bẹ́ẹ̀ sì dúró de ọmọ kékeré. A bi ara wa léèrè pé kí ni àwa náà ń ṣe lójoojúmọ́ tí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi pátákó pépà tú.

Kí a má rẹ́rìn-ín àwọn ará Amẹ́ríkà tán. Ìgò kejì nìyí. Ẹ ó rántí ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn láti ọwọ́ dé ọwọ́ kún ìlú yìí. Ẹ wá sí ìpàdé kan, wọ́n ní ẹ ó di ọ̀gá ara yín. Ẹ mú ènìyàn méjì wá, kí àwọn náà mú méjì méjì wá. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wá jù, nítorí pé aláìsàn gbà wá gbọ́. Owó oṣù a sì máa pẹ́. Díẹ̀ nínú wa wọlé sí i. A ta lẹ́ẹ̀rù tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, a ta póńpó tí wọ́n ní ó ń tún kíndìnrín ṣe, a ta ẹ̀gbà ọwọ́ onímágínẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀jẹ̀ ríru. A tà á nínú aṣọ funfun. Ọ̀kan nínú wa, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́, ta ẹ̀gbà ọwọ́ fún bàbá kan tó ń pè é ní ọmọ. Kò sọ fún bàbá pé kí wọ́n má lo oògùn wọn mọ́. Kò sì sọ pé kí wọ́n máa lò ó lọ. Bàbá rò pé ọ̀kan ti rọ́pò èkejì, owó méjì ò sì sí. Kò pé oṣù mẹ́rin tí rọpárọsẹ̀ fi mú wọn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Títí di òní, bí wọ́n bá rí nọ́ọ̀sì náà, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ṣé dáadáa ni?" Ó ní ìkíni yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí òun sùn.

Bí wọ́n bá ní kí a bi olóògùn tí ó ta ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn ní ìbéèrè kan, èyí tí ọmọ Colorado béèrè náà ni: báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Ènìyàn mélòó ló lò ó? Mélòó ni kò lò ó, tí ẹ fi wé wọn? Ta ló ka iye àwọn tí kò yá? Ìbéèrè náà ni a ń bi alágbo, òun náà ni a sì ń bi dókítà.

Ìbéèrè yìí kì í sì í pa gbogbo oògùn bàbá wa. Ẹ wo asofẹ́yẹjẹ. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú àrùn ọpọlọ ṣáájú ilé ìwòsàn. Ní 1952, àwọn onímọ̀ yọ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine jáde láti ara igi ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà, ó sì di oògùn ọpọlọ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru káàkiri ayé. Asofẹ́yẹjẹ tiwa náà ní in nínú. Dókítà Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, kọ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní 1960. Ó ṣiṣẹ́, ìdí nìyí tó fi léwu. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ gidigidi. Bí wọ́n bá gbé ẹni tó ti mu ún wá sọ́dọ̀ wa, tí ẹ sì sọ pé kò lo nǹkan kan, oògùn tí a ó fún un lórí ìyẹn lè mú kó dákú lọ. Àgbo tí kò lágbára kò lè ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó lágbára ni a nílò láti mọ̀.

Èyí tó wù wá jù ni ti fòní-kú-fọ̀la-dìde. Oníṣègùn Yorùbá kan, Àlùfáà Ogunyale, ní àgbo tí ìdílé rẹ̀ ń lò fún un: iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà. Kò gbé e pamọ́. Ó gbé e fún NIPRD, ilé iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Idu, Abuja. Wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Wọ́n dán an wò lára ènìyàn 82. Ní ìgbà kan aláìsàn á gba oògùn náà, ní ìgbà kejì á gba èyí tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, aláìsàn kò sì ní mọ èyí tó ń lò. Lábẹ́ ìdánwò yẹn, ìrora ńlá tó máa ń mú wọn dín kù láàárín oṣù mẹ́fà. Kò wo àrùn náà sàn, wọn kò sì sọ pé ó wò ó sàn. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà ní ó dára, ṣùgbọ́n ìdánwò kan kò tó, kí wọ́n tún ṣe òmíràn. NAFDAC fún un ní ìwé àṣẹ ní 2006. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba ṣíṣe rẹ̀ wọ gbèsè ní 2008, oògùn náà sì di àwátì lọ́jà. Èyí dùn wá. Ẹ wá fi wé ẹni tó ń rìn kiri Sabon Gari pé òun ní àgbo tó ń sọ SS di AA. A kò tíì rí ẹni tó gbà láti jẹ́ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ oníbàárà òun wò ṣáájú àti lẹ́yìn.

Ẹnì kan yóò ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ìdánwò, ṣé kì í ṣe Kano níbí ni wọ́n ti fi ọmọ dán oògùn wò?" Òun náà ni. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa ènìyàn, ilé iṣẹ́ Pfizer fi ọmọ 200 dán Trovan wò. Ìdajì wọn gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Mọ́kànlá kú, márùn-ún lára àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà lára àwọn tó gba èkejì. Àwọn òbí kan ní wọn kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ẹjọ́ náà pẹ́ títí wọ́n fi parí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba Kano ní 2009. Ẹni tí èyí bá mú kó máa fura kò ṣẹ̀. Ìfura náà dára, kí ó má kàn jẹ́ sí apá kan. Ní 2008, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́ ní Nàìjíríà níbí, tó wà nínú páálí tó mọ́ tónítóní, pa ọmọ tó lé ní 80 nítorí kẹ́míkà olóró tó wọ inú rẹ̀. Páálí kì í ṣe ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni ìgò alágbo kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ńkọ́? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó, ta ni nínú gbọ̀ngàn yìí tí fóònù kò jí lóru pé kó fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó sì mu díẹ̀ nínú rẹ̀? Àwọn ará ilé wa pè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwa náà pe àwọn tó wà ní Maiduguri. Àwọn ìwé ìròyìn jábọ̀ pé ènìyàn méjì kú ní Jos nítorí iyọ̀ náà. Ó yẹ kí a sọ pé nọ́ọ̀sì méjì nínú wa wẹ̀ ẹ́ lóru ọjọ́ yẹn. Wọn kò mu ún, ṣùgbọ́n wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù kì í béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ará ilé ni wá ní ìlú yìí, a kò ní ẹlòmíràn. Nítorí náà, a ti bá ara wa dá májẹ̀mú nínú ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì wa. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun kò gbọ́dọ̀ ta ìgò kankan fún aláìsàn mọ́, ìbáà jẹ́ ti ìbílẹ̀, ìbáà jẹ́ ti òkè òkun. Ẹni tó bá sì gbọ́ pé ọ̀kan nínú wa pariwo lé ìyá ọmọ lórí nítorí àgbo, kó pe alága wa. Ìbéèrè wa náà ti yí pa dà. A kì í tún béèrè pé, "Ṣé ẹ fún un ní àgbo?" bí ẹni pé ọlọ́pàá ni wá. Ohun tí a ń sọ ni pé, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kí ni ẹ ti ṣe fún un nílé kí ẹ tó wá?" Láti ìgbà tí a ti ń béèrè bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá ń sọ. Òmíràn á tilẹ̀ yọ ìgò náà jáde látinú àpò.

Ti gìrì, ẹ jọ̀ọ́: ẹ dá ọmọ dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ẹ tú aṣọ tó fún un lọ́rùn, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe ìka yín. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wo aago. Kí ẹlòmíràn máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn, bí gìrì náà tilẹ̀ dá. Ẹ gbàdúrà bí ẹ ṣe ń lọ. A kò dá ẹnikẹ́ni dúró lórí àdúrà rẹ̀.

A ti tẹ́ tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn lápá òsì, ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ṣúgà wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí, akọ̀wé bá wa kéde pé kí olúkúlùkù gbé ohun tó ń lò wá, oògùn òyìnbó tàbí àgbo. Títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, káàdì oògùn mọ́kànlá ti wà lórí tábìlì, kò tíì sí ìgò kankan. A mọ̀ pé wọ́n wà nínú báàgì. A ó dúró títí ẹni ìkẹyìn yóò fi lọ.